Ẹrù Tí Òkun Gbé àti Ẹrù Tí Ọba Gbé

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1681, Louis Kẹrìnlá, ọba ilẹ̀ Faransé, fi òǹtẹ̀ tẹ ìwé òfin ńlá kan tí Colbert, òjíṣẹ́ rẹ̀, ti ní kí wọ́n kọ. Ọ̀rọ̀ òkun ni ìwé náà dá lé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ọkọ̀, atukọ̀, ẹrù, èbúté, títí kan ẹja pípa. Apá márùn-ún ni wọ́n pín in sí. Nínú apá kẹta, orí méjì kan wà tí wọ́n fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn. Orí kẹjọ sọ ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe nígbà tí ìjì bá mú kí wọ́n da ẹrù sínú òkun. Orí kẹsàn-án sọ ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe nígbà tí ọkọ̀ ológun bá gba ọkọ̀ oníṣòwò. Ẹni tí ó bá ka orí kẹjọ tán, tí ó ṣí ìwé sí orí kẹsàn-án, yóò rò pé òun ti kúrò ní ìlú kan bọ́ sí òmíràn.

Nínú orí kẹjọ, òfò jẹ́ ohun tí gbogbo àwọn tí ó ní ẹrù nínú ọkọ̀ jọ ń rù. Nínú orí kẹsàn-án, òfò ẹnìkan ni èrè ẹlòmíràn. Ó tọ́ kí a sọ ọ́ láìfepo bọyọ̀ pé òfin àkọ́kọ́ sàn ju èkejì lọ, àti pé kì í ṣe èèṣì ni ó fi sàn jù ú lọ. Àwọn tí ń fi ẹrù ara wọn wọ ọkọ̀ ni wọ́n ṣe òfin àkọ́kọ́. Àwọn ọba tí ń wá owó ogun ni wọ́n ṣe èkejì.

Òfin àjọsan òfò ti wà kí ilẹ̀ Faransé tó di ilẹ̀ Faransé. Erékùṣù Rhodes, nínú òkun tí ó wà láàárín ilẹ̀ Gíríìsì àti ilẹ̀ Tọ́kì, ni wọ́n gbà pé ó ti ṣẹ̀. Àwọn ará Róòmù gbà á lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí ọba Justinian sì ní kí wọ́n kó òfin Róòmù jọ sínú ìwé, tí wọ́n parí rẹ̀ ní ọdún 533, òfin Rhodes wà níbẹ̀. Ohun tí ó wí kò ṣòro: bí wọ́n bá da ẹrù ẹnìkan sómi kí ọkọ̀ lè fúyẹ́, nítorí gbogbo ènìyàn ni wọ́n ṣe dà á, gbogbo ènìyàn ni yóò sì jọ san án. Lẹ́yìn náà, a tún rí i nínú ìwé òfin tí ń jẹ́ orúkọ erékùṣù Oléron, ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Faransé, àti nínú èyí tí àwọn oníṣòwò Barcelona ń lò. Colbert kò dá a sílẹ̀. Ó bá a ní èbúté ni, ó sì ní ọgbọ́n tó láti má ṣe bà á jẹ́.

Bí ó ti ń ṣiṣẹ́ rèé. Ìjì dé, tàbí ọ̀tá ń lé ọkọ̀ bọ̀. Ọkọ̀ wúwo jù. Ọ̀gá ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ dá pinnu. Ó ní láti bi àwọn ẹlẹ́rù tí ó wà nínú ọkọ̀ àti àwọn àgbà atukọ̀ léèrè. Bí ohùn wọn kò bá ṣọ̀kan, ti àwọn atukọ̀ ni yóò borí. Àwọn ohun èlò ọkọ̀ tí kò ṣe dandan, tí wọ́n wúwo tí owó wọn kò sì tó nǹkan, ni wọ́n ń kọ́kọ́ jù sómi, kí wọ́n tó kan ẹrù àwọn oníṣòwò. Ní kété tí ààyè bá gbà á, akọ̀wé ọkọ̀ ní láti kọ ìpinnu náà sílẹ̀, kí àwọn tí ó dá ìmọ̀ràn sì fi ọwọ́ sí i. Ní èbúté àkọ́kọ́ tí wọ́n bá gúnlẹ̀ sí, ọ̀gá ọkọ̀ gbọ́dọ̀ lọ síwájú adájọ́ ọ̀rọ̀ òkun, kí ó sọ ìdí tí wọ́n fi da ẹrù, tàbí tí wọ́n fi gé òpó ìgbòkun, tàbí tí wọ́n fi fi ìdákọ̀ró sílẹ̀ sínú omi.

Ìṣirò kékeré kan lè mú un yéni. Kí ó jẹ́ pé ẹlẹ́rù mẹ́ta ni ó wà nínú ọkọ̀ kan. Ẹrù ti ẹni kìn-ín-ní tó owó fàdákà 400, ti ẹnì kejì tó 300, ti ẹnì kẹta tó 100. Òfin ní kí wọ́n ka ìdajì iye owó ọkọ̀, àti ìdajì owó tí ọkọ̀ gbà láti fi gbé ẹrù, mọ́ ọn. Kí èyí jẹ́ 200. Àpapọ̀ rẹ̀ di 1,000. Ẹrù ẹnì kẹta ni wọ́n dà sómi. Òfò náà jẹ́ 100 nínú 1,000, èyíinì ni ìdá kan nínú mẹ́wàá. Nítorí náà, olúkúlùkù yóò yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tirẹ̀. Ẹni kìn-ín-ní san 40, ẹnì kejì san 30, ẹni tí ó ni ọkọ̀ san 20. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ lọ sómi gba 90. Òun náà fara mọ́ òfò 10, nítorí pé bí wọn kò bá ju ẹrù kankan, tí ọkọ̀ sì rì, ohun gbogbo ni ìbá pàdánù. Nígbà tí wọ́n bá ṣírò rẹ̀ tán, kò sí ẹni tí ó jèrè nínú ìjì náà, kò sì sí ẹni tí ó di òtòṣì nítorí rẹ̀.

Òfin náà ní ojú àánú. Aṣọ àwọn atukọ̀ àti owó iṣẹ́ wọn kì í san nǹkan kan nínú òfò. Oúnjẹ inú ọkọ̀ kì í san pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ju aṣọ atukọ̀ sómi, àwọn ẹlẹ́rù ní láti san án padà fún un. Ẹni tí ó kọ èyí mọ̀ pé atukọ̀ tí àpótí rẹ̀ kan ṣoṣo bọ́ sómi pàdánù ju olówó tí ọgọ́rùn-ún àpótí rẹ̀ bọ́ sómi lọ.

Ó ní ojú líle pẹ̀lú, ẹni tí kò ní ìwé ni ó sì kọ ojú líle náà sí. Ìwé ẹrù, tí àwọn Faransé ń pè ní connaissement, ni ìwé tí ọ̀gá ọkọ̀ fi ọwọ́ sí láti jẹ́rìí pé òun gba ẹrù báyìí lọ́wọ́ ẹni báyìí. Ẹrù tí kò bá ní ìwé yìí, bí wọ́n bá jù ú sómi, wọn kì yóò san kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Bí ó bá sì là, yóò bá àwọn yòókù san òfò tiwọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ẹni tí ó purọ́ sínú ìwé. Ẹlẹ́rù tí ó kọ ọ́ pé aṣọ lásán ni òun dì, kí owó tí yóò san lè kéré, nígbà tí ó jẹ́ pé sẹ́dà olówó iyebíye ni ó dì, bí ẹrù rẹ̀ bá bọ́ sómi, owó aṣọ lásán ni yóò gbà. Bí ó bá là, lórí owó sẹ́dà ni yóò ti san tirẹ̀. Àwọn oníṣòwò ni wọ́n mọ irú irọ́ tí oníṣòwò ń pa. Ìdí nìyí tí òfin wọn fi ní etí tó bẹ́ẹ̀.

Ọkọ̀ méjì tí wọ́n bá kọlu ara wọn náà wà nínú ètò yìí. Bí a kò bá rí ẹni tí ó jẹ̀bi, ọkọ̀ méjèèjì ni yóò pín òfò náà lọ́gbọọgba. Bí ó bá hàn pé ọ̀gá ọkọ̀ kan ni ó ṣi í ṣe, òun ni yóò tún ohun tí ó bàjẹ́ ṣe.

Kò túmọ̀ sí pé ẹjọ́ kò sí. Ẹjọ́ pọ̀ ní èbúté bí yanrìn. Ẹnìkan yóò ní ìjì náà kò le tó bí ọ̀gá ọkọ̀ ti wí. Ẹlòmíràn yóò ní kì í ṣe ẹrù tòun ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ jù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń rojọ́ lónìí lórí ẹrù tirẹ̀ mọ̀ pé lọ́la ẹrù ẹlòmíràn lè lọ, kí ó sì kan òun láti san. Bí àwọn tí ń dá àjọ ni wọ́n rí: ìwọ̀n tí ènìyàn fi wọn fún ẹnìkejì ni wọn yóò fi wọn fún òun náà.

Orí kẹsàn-án kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ayé ìgbà náà, ọba tí ó ń jagun kì í fi ọkọ̀ tirẹ̀ nìkan jà. Ó lè fún oníṣòwò lásán ní ìwé àṣẹ kí ó gbé ìbọn ńlá sínú ọkọ̀ rẹ̀, kí ó sì lọ máa gba ọkọ̀ ọ̀tá. Corsaire ni àwọn Faransé ń pè é. Ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ sí olè ojú òkun ni ìwé àṣẹ náà, àti ìdúró livre 15,000 tí ó ní láti ṣe pé òun kì yóò rú òfin. Ọkọ̀ tí ó bá gbà kì í di tirẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ní láti mú un wá sí èbúté, kí adájọ́ wo ìwé inú rẹ̀, kí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn atukọ̀ tí wọ́n mú, kí ó tó sọ bóyá ìkógun náà tọ́. Ẹni tí ó bá ri ọkọ̀ tí ó gbà sínú omi, tàbí tí ó já àwọn tí ó mú sílẹ̀ ní erékùṣù jíjìnnà kí ó lè fi ìkógun pamọ́, ikú ni ìyà rẹ̀.

Àwọn tí ń gbèjà òfin ìkógun ní ọ̀rọ̀ kan tí ó yẹ kí a gbọ́. Wọ́n ní bí kò bá sí òfin náà, olè ni ìbá kún òkun. Pé ó sàn kí ẹni tí ó gba ọkọ̀ mọ̀ pé òun yóò dúró níwájú adájọ́ ju kí ó mọ̀ pé kò sí ẹni tí yóò bi òun léèrè. Òtítọ́ wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni adájọ́ dá padà fún àwọn tí ó ni wọ́n.

Ṣùgbọ́n kí ni òfin fi lé adájọ́ náà lọ́wọ́ láti fi dájọ́? Oníṣòwò ilẹ̀ tí kò bá ẹnikẹ́ni jà, bí ó bá gba ẹrù ọ̀tá sínú ọkọ̀ rẹ̀, ọkọ̀ rẹ̀ di ìkógun. Ọmọ ilẹ̀ Faransé fúnra rẹ̀, bí ó bá kó ẹrù sínú ọkọ̀ ọ̀tá, ẹrù rẹ̀ di ìkógun. Ọkọ̀ tí wọn kò bá rí ìwé àdéhùn, tàbí ìwé ẹrù, tàbí ìwé iye owó nínú rẹ̀, òun àti ohun tí ó gbé di ìkógun. Èyí tí ó yani lẹ́nu jù ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n gbà padà. Bí ọ̀tá bá gba ọkọ̀ ọmọ Faransé, tí ọmọ Faransé mìíràn sì já a gbà, aago ni wọ́n fi ń dá ẹjọ́ rẹ̀. Bí kò bá tíì pé wákàtí 24 lọ́wọ́ ọ̀tá, wọn yóò dá a padà fún ẹni tí ó ni ín, wọn yóò sì yọ ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ fún ẹni tí ó gbà á. Bí ó bá ti kọjá wákàtí 24, ẹni tí ó ni ín pàdánù rẹ̀ pátápátá, ó di ti ọmọ ìlú rẹ̀. Ohun tí ó sọ ọ̀rẹ́ di ẹni tí ń jogún ọ̀rẹ́ rẹ̀ láàyè ni pé oòrùn yọ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ó kù síbẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́wàá ìkógun jẹ́ ti amírà, ọ̀gá gbogbo ọ̀rọ̀ òkun. Ní orúkọ amírà yìí kan náà ni wọ́n fi ń dájọ́ ní gbogbo ilé ẹjọ́ òkun ilẹ̀ Faransé. (Ní ọdún 1683, ọba fi oyè amírà dá ọmọ ara rẹ̀, comte de Toulouse, lọ́lá, ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà náà.) Agbẹjọ́-ẹnìkan-dá ni àwọn àgbà ń pè ní àgbà òṣìkà. Kí ni wọn ìbá pe ẹni tí ó gbọ́ ẹnu ẹni méjèèjì, ṣùgbọ́n tí ó ti mọ iye tí yóò wọ inú àpò ọ̀gá rẹ̀ bí ọ̀kan bá jàre?

Kì í ṣe Faransé nìkan ni èyí ti ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù kejì ọdún 1603, Jacob van Heemskerck, ọ̀gá ọkọ̀ ará Họ́lándì, gba ọkọ̀ ńlá àwọn Pọtogí kan tí ń jẹ́ Santa Catarina ní etí omi tí ó wà nítòsí Singapore. Sẹ́dà àti àwo ilẹ̀ Ṣáínà ni ó kún inú rẹ̀. Ilé ẹjọ́ òkun ti Amsterdam ni ó gbọ́ ẹjọ́ náà. Wọ́n kéde pé kí ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ohun sọ kí ó wá sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ta ni nínú àwọn Pọtogí ni yóò wá sí ìlú ọ̀tá láti wá bèèrè ẹrù rẹ̀? Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹsàn-án ọdún 1604, adájọ́ ní ìkógun náà tọ́. Nígbà tí wọ́n ta ẹrù inú ọkọ̀ yìí ní gbàǹjo, owó rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta gílídà, owó ilẹ̀ Họ́lándì.

Ẹgbẹ́ oníṣòwò ńlá tí ó jèrè nínú rẹ̀ wá bẹ ọ̀dọ́mọkùnrin amòfin kan, Hugo Grotius, ẹni ọdún 21, kí ó kọ ìwé tí yóò dá wọn láre. Ó kọ ọ́, ó gùn. Orí kan nínú rẹ̀ jáde ní ọdún 1609 pẹ̀lú àkọlé Mare Liberum. Ohun tí ó wí ni pé òkun kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni, gbogbo orílẹ̀-èdè ni ó lè gba ibẹ̀ kọjá. Títí di òní ni àwọn amòfin ń yìn ín, ìyìn náà sì tọ́ sí i. Síbẹ̀, kò yẹ kí a gbàgbé pé ìwé agbẹjọ́rò ni. Owó sẹ́dà ti wọlé tipẹ́ kí ọ̀rọ̀ òmìnira òkun tó jáde.

Ẹni tí kò sí nínú ogun kò ní ohun tí yóò fi rí ẹ̀tọ́ gbà nínú irú ilé ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, àfi bí ó bá di ohun kan ti ẹni tí ó ṣẹ̀ ẹ́ mú. Frederick Kejì, ọba ilẹ̀ Prussia, mọ èyí. Nígbà ogun tí ó parí ní ọdún 1748, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ àti ẹrù àwọn oníṣòwò ìlú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni Prussia kò bá wọn jà. Ọba náà kọ̀wé, kò sí ìdáhùn tí ó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó wá rántí pé òun ń san gbèsè kan fún àwọn olówó Lọ́ńdọ̀nù, gbèsè tí ó bá ilẹ̀ Silesia wọ ọwọ́ rẹ̀. Ó dá owó náà dúró, ó sì yan àwọn adájọ́ tirẹ̀ ní Berlin kí wọ́n tún ẹjọ́ náà gbọ́. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1753, àwọn amòfin ọba Gẹ̀ẹ́sì fún un ní èsì gígùn kan: ilé ẹjọ́ ìlú ẹni tí ó gba ọkọ̀ nìkan ni ó ní àṣẹ láti dájọ́ ìkógun. Èsì náà mọ́gbọ́n wá tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọ̀mọ̀wé Yúróòpù fi ń tọ́ka sí i fún ìgbà pípẹ́. Àmọ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1756, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń fẹ́ kí Frederick di ọ̀rẹ́ wọn, wọ́n san 20,000 pọ́n-ùn, òun náà sì tú gbèsè náà sílẹ̀. Kì í ṣe adájọ́ kan ni ó san án fún wọn.

Àwọn ìjọba Yúróòpù fúnra wọn ni ó wá kó òfin ìkógun àwọn aládàáni tì. Ní oṣù kẹrin ọdún 1856, ní Parisi, wọ́n fọwọ́ sí i pé kò ní sí ẹni tí ọba yóò tún fún ní ìwé àṣẹ láti máa gba ọkọ̀ àwọn oníṣòwò. Òfin àjọsan òfò ńkọ́? Ó ń ṣiṣẹ́. Ní oṣù kẹta ọdún 2021, ọkọ̀ ńlá Ever Given há sínú odò àfọwọ́gbẹ́ Suez fún ọjọ́ mẹ́fà. Àwọn tí ó ni ọkọ̀ náà kéde àjọsan òfò, àwọn ẹlẹ́rù sì ní láti ṣe ìdúró kí wọ́n tó rí ẹrù wọn gbà, gẹ́gẹ́ bí ìlànà tí àwọn ará Róòmù ti gbà lọ́wọ́ Rhodes. Oníṣòwò tí ń retí àpótí ẹrù ní Kùtọnu lónìí wà lábẹ́ ìlànà kan náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ wọn kò tíì gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Bí ọ̀rọ̀ náà bá parí síbẹ̀, ìyìn nìkan ni ìbá tọ́ sí òfin àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kan wà tí ìkógun àti dída ẹrù sómi pàdé lórí rẹ̀, etí òkun ilẹ̀ ènìyàn dúdú ni ọ̀nà rẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀.

Ní oṣù kejì ọdún 1781, ogun ń lọ láàárín Gẹ̀ẹ́sì àti Họ́lándì. Ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó ní ìwé àṣẹ gba ọkọ̀ àwọn Họ́lándì kan tí ń jẹ́ Zorg ní etí òkun ilẹ̀ ènìyàn dúdú. Ènìyàn 244 ni ó wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ti rà láti kó lọ sí oko ẹrú. Wọ́n kà wọ́n mọ́ ìkógun. Wọ́n ta ọkọ̀ náà àti àwọn ènìyàn inú rẹ̀ fún àwọn oníṣòwò Liverpool, orúkọ rẹ̀ sì di Zong. Wọ́n tún ra ènìyàn kún un. Nígbà tí ó fi kúrò ní Accra ní oṣù kẹjọ, ènìyàn 442 ni wọ́n há mọ́ inú rẹ̀. Luke Collingwood, ẹni tí ó jẹ́ oníṣègùn inú ọkọ̀ tẹ́lẹ̀, ni wọ́n fi ṣe ọ̀gá ọkọ̀.

Àìsàn wọ ọkọ̀. Ní òpin oṣù kọkànlá, wọ́n ṣi ọ̀nà, wọ́n kọjá Jàmáíkà láìmọ̀. Ọ̀gá ọkọ̀ àti àwọn atukọ̀ ní omi mímu kò ní tó. Ní ọjọ́ 29 oṣù náà, wọ́n ju obìnrin àti ọmọdé 54 sínú òkun. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kejìlá, wọ́n ju ọkùnrin 42. Òjò rọ̀, wọ́n gbe omi. Síbẹ̀ wọ́n tún ju àwọn mìíràn. Nígbà tí ọkọ̀ fi gúnlẹ̀ sí Jàmáíkà ní ọjọ́ 22 oṣù kejìlá, ènìyàn 208 ni ó kù láàyè, omi 420 gálọ́ọ̀nù sì ṣì wà nínú àgbá.

Àwọn olówó ọkọ̀ lọ bá àwọn oníasiráńsì, èyíinì ni àwọn tí wọ́n ti gba owó ìdáàbòbò lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n sì ṣèlérí láti san òfò padà. Wọ́n bèèrè 30 pọ́n-ùn lórí ẹnìkọ̀ọ̀kan tí wọ́n jù sómi. Àwọn oníasiráńsì kọ̀. Ọ̀rọ̀ di ti ilé ẹjọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù kẹta ọdún 1783. Ìbéèrè tí àwọn adájọ́ èbúté ti ń béèrè láti ọjọ́ pípẹ́ nípa ẹrù tí wọ́n dà sómi ni wọ́n béèrè: ṣé dandan ni jíjù náà? Ǹjẹ́ ó gba ọkọ̀ àti àwọn yòókù là? Ìwé tí wọ́n ń kọ ìrìn àjò ọkọ̀ sí dà? Ìwé náà ti sọnù. Àwọn ará ìlú tí wọ́n yàn láti dájọ́ dá olówó ọkọ̀ láre.

Ní oṣù karùn-ún, wọ́n tún gbé ọ̀rọ̀ náà wá síwájú Mansfield, olórí adájọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ó wà ní agbẹjọ́rò, ó ti wà lára àwọn amòfin tí ó fún ọba Prussia ní èsì ní ọdún 1753. Ó sọ ọ́ láìfi pamọ́ pé lójú àwọn tí ó dá ẹjọ́ àkọ́kọ́, bí ìgbà tí wọ́n ju ẹṣin sómi ni ọ̀rọ̀ náà rí. Nítorí òjò tí ó rọ̀ kí wọ́n tó pa àwọn tí wọ́n jù kẹ́yìn, ó pàṣẹ kí wọ́n tún ẹjọ́ náà gbọ́. Kò sí àkọsílẹ̀ kankan pé wọ́n tún un gbọ́.

Kì í ṣe ìṣirò ni ó ṣi ọ̀nà níbí. Òfin tí ó ní kí wọ́n san aṣọ atukọ̀ padà, òfin tí ó dára jù nínú gbogbo òfin òkun, béèrè ohun kan kí ó tó béèrè ohun mìíràn: ta ni ẹlẹ́rù, kí sì ni ẹrù? Àwọn tí wọ́n jù láti inú Zong wà nínú ọkọ̀ bí Collingwood ti wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó bi wọ́n léèrè ìmọ̀ràn kí wọ́n tó pinnu. Apá ibi tí wọ́n ń kọ ẹrù sí ni wọ́n kọ wọ́n sí, wọn kò tilẹ̀ kọ orúkọ wọn, iye wọn ni wọ́n kọ. Oníṣòwò tí kò ní ìwé ni òfin kì í dá lóhùn. Àwọn wọ̀nyí, ìwé ni ó fi wọ́n lé ikú lọ́wọ́. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń yin òfin àjọsan òfò, tí kò sì ka ẹjọ́ yìí mọ́ ọn, ìdajì ìtàn ni ó ń sọ.

Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹta ọdún 1783, Olaudah Equiano, ẹni tí wọ́n ti mú lẹ́rú rí, tí ó sì ti ra òmìnira ara rẹ̀ padà, mú ìròyìn ẹjọ́ náà lọ bá Granville Sharp ní Lọ́ńdọ̀nù. Sharp san owó fún akọ̀wé kan kí ó kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ níwájú Mansfield sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó kọ̀wé sí àwọn aláṣẹ ọ̀rọ̀ òkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó fi àkọsílẹ̀ náà sínú rẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé àwọn tí ó ju àwọn ènìyàn náà sómi lọ sí ilé ẹjọ́ fún ẹ̀sùn ìpànìyàn. Collingwood ti kú ní Jàmáíkà nígbà náà. Nínú àwọn yòókù, wọn kò pe ẹnìkan ṣoṣo lẹ́jọ́.